Kúlà jọ̀lọ́ọ̀fù àti áàpù mẹ́rin: LagRide láàárín Uber, Bolt àti inDrive

Iṣẹ́ oúnjẹ òde ni mo ń ṣe ní Ẹ̀gbẹ́dá. Mi ò ní ọkọ̀ tèmi, nítorí náà takisí orí áàpù ni mo fi ń kó kúlà jọ̀lọ́ọ̀fù àti ìkòkò ọbẹ̀ lọ sí Ìkẹjà, Sùúrùlérè, nígbà míì títí dé Lẹ́kí. Áàpù mẹ́rin ló wà lórí fóònù mi: Uber, Bolt, inDrive àti LagRide. Àjèjì ni mẹ́ta nínú wọn. Ará Amẹ́ríkà ni Uber, Estonia ni Bolt ti wá, Yakutsk ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà ni wọ́n sì ti dá inDrive sílẹ̀. LagRide nìkan ló jẹ́ tiwa: Ibile Holdings, iléeṣẹ́ okòwò ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, àti CIG Motors, iléeṣẹ́ tó ń ta ọkọ̀, ló gbé e jáde ní 2022. Òun ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí jù, torí mo fẹ́ kó dúró pẹ́.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tiwa kò dúró pẹ́. GoMyWay, tó ń mú ẹni tó ní ọkọ̀ àti ẹni tí kò ní pàdé tí ọ̀nà wọn bá jọ dọ́gba, ti ilẹ̀kùn ní 2017. Gokada àti MAX sọ ọ̀kadà di ohun tí èèyàn ń fi fóònù pè, ọlọ́kadà á dé pẹ̀lú àṣíborí méjì. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2020 ni ìjọba Èkó ní kí ọ̀kadà kúrò lójú títì ní ọ̀pọ̀ ìjọba ìbílẹ̀, Gokada sì sáré bọ́ sídìí fífi ẹrù jíṣẹ́. Uber tó ti wọ Èkó láti 2014 wà níbẹ̀ digbí. Bolt, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Taxify nígbà tó wọlé ní 2016, náà wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí ọkọ̀, torí ibẹ̀ ni èmi ti kọ́kọ́ fẹ́ràn LagRide. GAC, ọkọ̀ ilẹ̀ Ṣáínà, ni wọ́n ń lò, ọkọ̀ tuntun ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe tòkunbọ̀ tó ti lo ọdún mẹ́wàá lókè òkun kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Nínú èyí tó ga díẹ̀, kúlà ńlá méjì á dúró ṣánṣán nínú bùùtù, ìdérí wọn kò ní kan òkè. Ẹni tó bá ti gbé ọbẹ̀ ata díndín gba ojú ọ̀nà tó kún fún gálọ́ọ̀pù rí mọ ohun tí mò ń sọ. Bàbá kan tó gbé mi lọ sí òde ìsọmọlórúkọ kan ní Ògbà bọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ó fa ràbà kan tó ká pelebe yọ lábẹ́ síítì, ó tẹ́ ẹ sí bùùtù, ó wá ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé e, ẹ má bá ara yín jà." Mo dúpẹ́, mo ní mo rò pé wọ́n máa ní àwọn ò gbé oúnjẹ. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Èmi ni mo máa ni ọkọ̀ yìí. Tó bá ta sílẹ̀, èmi náà ni mo máa fọ̀ ọ́, kò sí ọ̀gá tó máa pariwo lé mi lórí."

Ohun tí mo rí nínú ètò LagRide nìyẹn tó tẹ́ mi lọ́rùn jù. Bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀ ní 2022, dírẹ́bà á san owó díẹ̀ sílẹ̀, á wá máa san ìyókù díẹ̀díẹ̀ fún ọdún 4, ọkọ̀ á sì di tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ dírẹ́bà tó ń gbé mi lórí àwọn áàpù yòókù ni kì í ṣe àwọn ló ni ọkọ̀. Ọlọ́kọ̀ kan wà níbì kan tó ń retí owó rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bóyá iṣẹ́ wà o, bóyá kò sí. Irú dírẹ́bà bẹ́ẹ̀ kì í ráyè ti ràbà àti kúlà.

Ọ̀rọ̀ owó ló wá kù. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, nígbà tí Taxify ti ń já oníbàárà gbà, Uber gé owó ọkọ̀ ní Èkó pẹ̀lú ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Inú àwa tó ń wọkọ̀ dùn. Àwọn dírẹ́bà fárí gá, wọ́n ṣe ìwọ́de, torí kọ́míṣọ̀n ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún tí Uber ń yọ kò dín. Iléeṣẹ́ tó ń ṣòwò káàkiri ayé lè pàdánù owó ní Èkó títí ọ̀tá rẹ̀ á fi rẹ̀. Kò sí iléeṣẹ́ ìbílẹ̀ kan tó ní irú àpò bẹ́ẹ̀, mi ò sì rò pé ó yẹ ká bínú sí wọn pé wọn kò lè gé owó títí ó fi máa sunwọ̀n fún wa.

Lẹ́yìn náà ni ti epo bẹntiróòlù dé. Ní ìparí oṣù karùn-ún 2023 tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́, lítà tó ń lọ ní nǹkan bíi ₦185 fò dé ₦488 ní Èkó, kó tó di 2024 parí, ó ti lé ní ₦900. Oṣù kẹfà 2023 ni ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ orí áàpù, AUATON, daṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ní kí àwọn iléeṣẹ́ fi kún owó ọkọ̀, kí wọ́n sì dín kọ́míṣọ̀n kù. Ẹ fi ojú inú wò ó: nínú ₦4,000 tí mo san láti Ẹ̀gbẹ́dá, ₦1,000 ti bá kọ́míṣọ̀n lọ kí dírẹ́bà tó ronú epo. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè gbaná jẹ mọ́ wọn bí mo ti ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Síbẹ̀, èèyàn á ṣì rí ohun tó ń dunni. Lórí ọ̀kan nínú àwọn áàpù tó wà lọ́wọ́ mi, mi ò ní dárúkọ rẹ̀, dírẹ́bà gba iṣẹ́ mi ní òwúrọ̀ Sátidé kan, ó pè mí. "Ẹ káàárọ̀ mà. Ibo lẹ̀ ń lọ? Káàṣì ni àbí káàdì?" Mo ní káàdì ni, Sùúrùlérè ni. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi kánsù ẹ̀." Ẹlòmíì tún gbà á, ó ní ká pa áàpù tì, kí n fún òun lówó lọ́wọ́. Mo kọ̀ ọ́. Tí ọkọ̀ bá kúrò lórí áàpù, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí mo wà mọ́, ẹni tó ń dúró de oúnjẹ ní ibi ayẹyẹ kò sì lè tọpasẹ̀ mi. Jọ̀lọ́ọ̀fù náà ti ń tutù nígbà tí mo fi rí ẹni gidi. Mo kọ̀wé sí iléeṣẹ́ náà, èsì tó wá jọ èyí tí ẹ̀rọ kọ. Ohun tó bí mi nínú jù lọ ni pé mi ò rí ọmọ èèyàn kankan bá sọ̀rọ̀.

Ti inDrive yàtọ̀. Èèyàn á kọ iye tó fẹ́ san, dírẹ́bà á gbà tàbí kó fi tirẹ̀ lé e, bí ìgbà tí a bá ń ná tòmátò ní Mile 12. Kọ́míṣọ̀n tí wọ́n ń gbà náà kéré ju ti Uber lọ, àwọn dírẹ́bà sì máa ń sọ ọ́ fún mi pẹ̀lú ẹ̀rín. Ó wúlò gan-an nígbà tí kò sí kánjúkánjú. Ṣùgbọ́n tí òde bá ń dúró dè mí, mi ò ní àsìkò láti máa dúnàádúrà.

Ibi tí àwọn àjèjì ti ń fi LagRide sílẹ̀ sẹ́yìn kò sí nínú áàpù rárá. Iye ọkọ̀ ni. Wọ́n ní 1,000 ọkọ̀ ni àwọn máa fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ pín in sí Ìkòròdù, Aláàgbàdo, Àyọ̀bọ́, Bàdágírì, Ẹ̀pẹ́, Lẹ́kí, kí ẹ wá wo iye tó lè wà nítòsí èèyàn kan lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọkọ̀ kò bá sí nítòsí, èèyàn á dúró, bó bá sì dúró títí, á ṣí áàpù míì. Dírẹ́bà náà kò ní rí iṣẹ́, á lọ síbi tí iṣẹ́ wà. Bí Uber àti Bolt ṣe ń borí nìyẹn: ọkọ̀ pọ̀, ìdúró kò pẹ́, oníbàárà pọ̀ sí i, ọkọ̀ tún pọ̀ sí i. Èmi ì bá fẹ́ kí iléeṣẹ́ ìbílẹ̀ kó gbogbo ọkọ̀ rẹ̀ jọ sí agbègbè méjì tàbí mẹ́ta, kó gbilẹ̀ níbẹ̀ dáadáa, kó tó tẹ̀ síwájú. Kó bẹ̀rẹ̀ láti Ìyànà Ìpájà sí Ìkẹjà. Àwa tó wà níbí pọ̀, a sì ní ibi tí à ń lọ lójoojúmọ́.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ìjọba gbọ́. Ìjọba Èkó ló ń fún Uber àti Bolt ní ìwé àṣẹ, òun ló sì fi ₦20 lé orí ìrìnàjò kọ̀ọ̀kan ní 2020. Òun kan náà ló tún ní ọwọ́ nínú LagRide. Bí ó bá lo òfin láti fi lé àwọn yòókù kúrò, dírẹ́bà àti èmi la máa jìyà rẹ̀. Mo fẹ́ kí LagRide borí nítorí pé ọkọ̀ rẹ̀ mọ́, pé dírẹ́bà rẹ̀ ní ìrètí, pé bí mo bá pè, ẹni tó gbọ́ Yorùbá ló máa dá mi lóhùn, tó sì lè gbé ọ̀rọ̀ mi débi tó yẹ.

Bí mo ti ń lò wọ́n nìyí. Iṣẹ́ tí mo ti mọ̀ láti ọjọ́ bíi mélòó kan, tó ní kúlà tàbí tó jẹ́ pé mo fẹ́ gbé ìyá mi lọ sílé ìwòsàn, LagRide ni mo kọ́kọ́ ń gbìyànjú, mo sì máa ń tètè pè é. Ọ̀rọ̀ pàjáwìrì, mo máa ṣí Uber àti Bolt pọ̀, èyí tó bá sún mọ́ mi ni mo máa gbà. Ọjọ́ tí mo bá ń padà bọ̀ láti ọjà láìsí ìkánjú, inDrive. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé oúnjẹ bíi tèmi, ẹ kọ̀wé sí dírẹ́bà lórí áàpù kó tó dé pé ẹ ní kúlà, iye tó jẹ́ àti bó ti tóbi tó. Èyí tó bá fẹ́ kánsù á tètè ṣe bẹ́ẹ̀ kí oúnjẹ tó jáde nílé. Ẹ sì wo nọ́ńbà ọkọ̀ dáadáa pẹ̀lú èyí tó wà lórí fóònù kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n gbé ohunkóhun sínú bùùtù.