Bàtà ìsáré fún Òkè Ìdànrè: Speedgoat, Speedcross àbí Lone Peak?

Bí ẹ bá gba bàtà lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, ẹ yí i dojúdé kí ẹ tó bèèrè iye rẹ̀. Àwọ̀ àti orúkọ kò gbé ẹnikẹ́ni gun Òkè Ìdànrè. Abẹ́ bàtà ló ń ṣiṣẹ́. Ilẹ̀ mẹ́ta tí kò jọra ni ẹsẹ̀ máa ń tẹ̀ níbẹ̀. Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ló kọ́kọ́ wà, ó le gbagidi, orúnkún ló sì máa ń jẹ ìyà rẹ̀ nígbà ìsọ̀kalẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àpáta gbalasa tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tí kò sí ohun tí ọwọ́ lè dì mú. Bí ẹ bá yà sínú igbó lásìkò òjò, ewé jíjẹrà àti ẹrẹ̀ ló kù. Bàtà tó mú ẹrẹ̀ dáadáa lè má mú àpáta rárá. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ olùrà ti ń ṣìnà.

Mẹ́ta la fi wéra níbí: Speedgoat 5 ti Hoka, Speedcross 6 ti Salomon, àti Lone Peak 7 ti Altra. A mú wọn nítorí pé ìṣe wọn jìnnà síra. Ẹni tó bá ti mọ̀ wọ́n lè fi wọ́n díwọ̀n bàtà èyíkéyìí tó bá rí ní Ọjà Ọba Àkúrẹ́, ìbáà jẹ́ tuntun, ìbáà jẹ́ òkìrìkà.

| | Speedgoat 5 | Speedcross 6 | Lone Peak 7 |
|---|---|---|---|
| Bí gìgísẹ̀ ṣe ga ju iwájú lọ | mm 4 | mm 10 | 0 |
| Gíga abẹ́ gìgísẹ̀ sí ilẹ̀ | mm 33 | mm 32 | mm 25 |
| Ìwọ̀n ẹsẹ̀ kan (ti ọkùnrin) | nǹkan bíi gíráàmù 290 | nǹkan bíi gíráàmù 300 | ó lé díẹ̀ ní gíráàmù 300 |
| Àyè ìka ẹsẹ̀ | ó mọ níwọ̀n | ó há | ó fẹ̀ gan-an |

Eyín, ìyẹn àwọn rọ́bà tó yọ jáde lábẹ́ bàtà, ló ṣe pàtàkì jù. Ti Speedcross gùn tó mìlímítà 5, ó mú ṣóńṣó, ó sì jìnnà síra. Nínú ẹrẹ̀, á gún ilẹ̀ bí ọkọ́, ẹrẹ̀ á sì máa já bọ́ láàárín eyín náà bí ẹ ṣe ń sáré. Kò sí èyí tó lè bá a du ipò nínú oko kòkó lẹ́yìn òjò. Àmọ́ ẹ gbé e dé orí àpáta: ṣóńṣó eyín nìkan ló ń kan òkúta, rọ́bà tó fara kan ilẹ̀ kò tó nǹkan, eyín gígùn náà á sì máa tẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀. Bí àpáta bá tutù, yíyọ̀ ni. Ní ti àtẹ̀gùn, sìmẹ́ńtì á máa rin eyín náà bí ẹni ń rin ẹ̀gẹ́. Ẹni tó bá ń fi Speedcross gun àtẹ̀gùn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ń fi owó rẹ̀ lọ ilẹ̀ ni.

Speedgoat náà ní eyín, ṣùgbọ́n ó gbòòrò, ó sì sún mọ́ra. Rọ́bà Megagrip ti ilé iṣẹ́ Vibram ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n pò ó kí ó lè di òkúta mú, àní bí òkúta bá tutù. Ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú èékánná: á gba èékánná díẹ̀, á sì padà sípò. Rọ́bà tó bá le bí páànù nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́ kò ní di àpáta mú, orúkọ yòówù kó jẹ́. Àmì Vibram aláwọ̀ òféèfèé, ìyẹn àwọ̀ yẹ́lò, máa ń wà lábẹ́ bàtà, ṣùgbọ́n àwọn aṣefeèkì náà mọ àmì í tẹ̀, nítorí náà èékánná yín ni kí ẹ gbà gbọ́. Àbùkù Speedgoat ni gíga rẹ̀. Fóòmù tó nípọn dára fún orúnkún lórí àtẹ̀gùn, àmọ́ lórí òkúta wẹ́wẹ́ tó ń yí, ọrùn ẹsẹ̀ lè rọ́ kí ẹ tó mọ̀, nítorí ẹsẹ̀ jìnnà sí ilẹ̀.

Ibi tí òkúta bá ti hu nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ mùlọ̀mùlọ̀, kò sí rọ́bà tó lè ràn yín lọ́wọ́. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ kọjá.

Lone Peak ṣe ẹsẹ̀ gbígbòòrò lóore. Ẹsẹ̀ tó ti fi sílípáàsì dàgbà, tí ìka rẹ̀ tẹ́ rẹrẹ, á mí nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n gìgísẹ̀ àti iwájú rẹ̀ dọ́gba, èyí tó ń mú kí iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ nà ju bó ṣe máa ń nà lọ. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ lónìí tó sì gun òkè lọ́la á jí pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó gan. Ìrìn ni kí ẹ kọ́kọ́ fi í ṣe, lẹ́yìn náà eré kúkúrú lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, fún oṣù kan ó kéré tán.

Tó bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo lowó yín ká, Speedgoat la máa mú fún Ìdànrè, nítorí àpáta ni ìṣubú rẹ̀ léwu jù. Speedcross wà fún ẹni tí igbó pọ̀ lọ́nà rẹ̀ ju òkúta lọ, Lone Peak fún ẹni tó ń rìn ju bó ṣe ń sáré lọ. Bushido ti La Sportiva, ará Ítálì, náà mọ àpáta dáadáa, ó sì súnmọ́ ilẹ̀, àmọ́ ó há. Ẹlẹ́sẹ̀ gbígbòòrò kó má dán an wò.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi Gore-Tex, aṣọ tí omi kì í gbà kọjá, tàn yín. Omi kì í gba abẹ́ wọlé ní ọ̀dọ̀ tiwa, ọrùn bàtà ló ń gbà nígbà tí ẹ bá tẹ odò. Bó bá ti wọlé, Gore-Tex kò ní jẹ́ kó jáde, ẹsẹ̀ á sì máa sè nínú ooru. Bàtà aláṣọ jálajàla tí omi lè ṣàn jáde lára rẹ̀ ló dára.

Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ lọ wọ̀ ọ́ wò, torí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀ nígbà náà. Nọ́ńbà UK àti US kì í bára mu láti ilé iṣẹ́ kan sí èkejì. Ẹ wo èyí tí wọ́n kọ ní sẹ̀ǹtímítà sára ahọ́n bàtà. Ẹ gbé ẹsẹ̀ lé pépà, ẹ fi bírò sàmì sí ẹ̀yìn gìgísẹ̀ àti ìka tó gùn jù, ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì fi ìdajì sí sẹ̀ǹtímítà kan kún un. Bí kò bá sí àyè yìí, ìka á máa kan imú bàtà nígbà ìsọ̀kalẹ̀, èékánná á dúdú, á sì bọ́. Bí gìgísẹ̀ bá ń yọ sókè, ẹ lo ihò tó kẹ́yìn lókè: ẹ ki okùn padà sínú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan náà kó di òrùka kékeré, kí ẹ wá gba okùn òdìkejì kọjá nínú òrùka náà, kí ẹ fà á sísàlẹ̀. Okùn tín-ínrín Speedcross, tí wọ́n ń fi bọ́tìnì fún, kò gba irú èyí, bó bá sì já, kì í ṣe gbogbo aṣebàtà ló ní ìpààrọ̀ rẹ̀.

Ní ti òkìrìkà, eyín tó gùn kò túmọ̀ sí pé bàtà ṣì wà láàyè. Ẹ gbé e sórí tábìlì, kí ẹ wò ó láti ẹ̀yìn: bó bá dà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹsẹ̀ ẹni tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ ló ti tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sì ní tọ́ mọ́. Ẹ tẹ fóòmù pẹ̀lú àtàǹpàkò. Bí kò bá padà sípò, tàbí tí ìhunjọ jíjìn bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti kú. Ẹ tẹ bàtà náà: ibi oríkèé ìka ẹsẹ̀ ló yẹ kó ti ṣẹ́po, kì í ṣe àárín. Lẹ́yìn náà, ẹ fa rọ́bà imú rẹ̀ dáadáa, nítorí gúlúù tó ti pẹ́ nínú ooru máa ń já lọ́jọ́ kìíní, bí bàtà náà tilẹ̀ ń dán bíi tuntun. Aṣebàtà lè lẹ etí tó ṣí. Fóòmù tó kú kò ní àtúnṣe.

Tí ẹ bá ti rà á, ẹ má fi í sílẹ̀ nínú bùútù mọ́tò, ẹ má sì sá a sórí páànù. Ẹ yọ ìtẹ́lẹ̀ inú rẹ̀, ẹ ki pépà ìwé ìròyìn bọ̀ ọ́, kí ẹ gbé e síbòòji tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́.