Coilover lábẹ́ Civic 2008, lórí títì Àkúrẹ́

Ẹ̀yin tó ń bi mí bóyá kí ẹ ra coilover (ṣọ́kù àti sípíríǹgì tó ṣeé yí kí mọ́tò lè wálẹ̀ tàbí kó gòkè), ẹ rà á. Ó dára, owó mi ò sì dùn mí. Àmọ́ bí mọ́tò ṣe wálẹ̀ tó ló máa sọ iye tí ẹ máa ná sórí táyà, búṣìn (rọ́bà oríkèé abẹ́ mọ́tò) àti linkage (ọ̀pá kékeré tó di ọ̀pá stabilizer mú).

Honda Civic 2008 ni mọ́tò mi. Tuntun nínú páálí ni mo ra coilover náà, iṣẹ́ Taiwan, ní Ládípọ̀ l'Ékòó, torí mi ò rí i rà l'Àkúrẹ́. Irú èyí tí èèyàn ń yí láti ìsàlẹ̀ ni: ẹsẹ̀ ṣọ́kù lo máa yí wọlé kí mọ́tò tó wálẹ̀, sípíríǹgì ò ní tú, ìrìn ṣọ́kù ò sì ní kúrú. Ẹni tó bá gé sípíríǹgì tó sì fi ṣọ́kù àtilẹ̀wá sílẹ̀, gbogbo gálọ́ọ̀pù ni ṣọ́kù á máa fi orí sọ rọ́bà inú rẹ̀. Kò ní pẹ́ tí epo á fi máa jò.

Lórí ọ̀nà Ọba Adésídà, adùn ni. Tí o bá yà kíá, mọ́tò ò ní fì. Tí a bá dé àwọn bọ́ǹpù inú àdúgbò Ìjàpó, ọ̀rọ̀ á yí padà: ẹ̀gbẹ́ ni mo fi ń gùn ún, ìyàwó mi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí nígbà tí mo máa ta mọ́tò yìí.

Ínǹṣì méjì ni mo kọ́kọ́ mú un wálẹ̀ láti fi dán an wò. Ó wu ojú púpọ̀. Tí èèyàn mẹ́rin bá wọlé, táyà ẹ̀yìn á máa ha fẹ́ńdà. Ínǹṣì kan ó lé díẹ̀ ló wà báyìí, ibẹ̀ náà ló sì máa wà.

Linkage ló kọ́kọ́ lọ. Tí mọ́tò bá ti wálẹ̀, ti àtilẹ̀wá ti gùn jù, ó ń ti ọ̀pá stabilizer, èyí tí kì í jẹ́ kí mọ́tò fì tó bá ń yà, kúrò níbi tó yẹ kó wà, kò ní pẹ́ tí á fi máa dún kò-kò-kò. Mo ra èyí tí èèyàn lè dín gígùn rẹ̀ kù, ariwo sì tán.

Búṣìn lower arm (apá irin ìsàlẹ̀ tó di ẹsẹ̀ táyà mú) ló yẹ kí ẹ fojú sí jù. Rọ́bà rẹ̀ lẹ̀ mọ́ irin àárín. Tí mẹkáníìkì bá fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ le nígbà tí táyà ń fì lórí jáàkì, bí mọ́tò bá ti délẹ̀ báyìí, rọ́bà á lọ́, lílọ́ náà ló sì máa wà títí á fi ya. Mo sọ fún mẹkáníìkì mi ní Road Block pé kó tú u, kó sọ mọ́tò kalẹ̀, kó tó fún un. Ó rẹ́rìn-ín: “Ọ̀gá mi, nọ́ọ̀tì ni nọ́ọ̀tì.” Ó ṣe é ṣá.

Gbogbo èèyàn ń pariwo camber (bí orí táyà ṣe tẹ̀ sínú tàbí síta), àmọ́ toe (bí iwájú táyà ṣe kọjú sínú tàbí síta) ló ń jẹ táyà jù, torí ó ń wọ́ táyà nílẹ̀ bó ṣe ń yí. Ẹ ṣe alignment lọ́jọ́ tí ẹ bá dè é, kí ẹ tún un ṣe lẹ́yìn tí sípíríǹgì bá ti jókòó. Ti ẹ̀yìn Civic, camber rẹ̀ kò ṣeé yí àyàfi tí ẹ bá ra arm tó ṣeé yí. Inú lọ́hùn-ún ni táyà sì ti ń jẹ, ẹni tó dúró kò lè rí i. Ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì.

Ẹrẹ̀ pupa ìgbà òjò àti eruku ọyẹ́ ń wọ inú okùn ìyí coilover, ìyẹn ìlà tó yí ara rẹ̀ ká tí a fi ń yí i. Búrọ́ọ̀ṣì àti omi ọṣẹ ni mo fi ń fọ̀ ọ́, mi ò fi gírísì kùn ún, torí ńṣe ni eruku á lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ tún máa wo òrùka ìdè, èyí tí kì í jẹ́ kí gíga tí ẹ yí i sí yẹ̀, ó lè tú. Láti àárín táyà dé etí fẹ́ńdà ni kí ẹ wọn gíga, kì í ṣe láti ilẹ̀, torí afẹ́fẹ́ táyà máa ń yí i padà.

Sípánà tó bá a wá kò dáa, pẹlẹbẹ báyìí ni, ó sì ti tẹ̀. Rọ́bà tó ń bo ṣọ́kù iwájú náà ti ya.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá ó ń ta ẹsẹ̀ coilover kan ṣoṣo tí ọ̀kan bá bàjẹ́. Tèmi ní òun ń tà á, àmọ́ èèyàn á ní láti dúró kó tó dé. Ìdí nìyẹn tí ṣọ́kù àtilẹ̀wá mi fi ṣì wà nílé, mi ò tà á.