£25 mi àti green waste tó wà nínú oko Suffolk

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ ń gbé dítẹ́kítọ̀, ẹ̀rọ tó ń wá irin lábẹ́ ilẹ̀, lọ sóko nílùú ọba níbí, kẹ́ ẹ tó sanwó fún àwọn tó ń ṣètò ìwákiri lóko, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti da green waste, ajílẹ̀ kan tí ìdọ̀tí máa ń wà nínú ẹ̀, sí oko yẹn rí. Èmi ò béèrè. £25 ni mo san, mo wa mọ́tò láti London dé Suffolk, aago mẹ́jọ àárọ̀ mo ti dé géètì.

Mo tan ẹ̀rọ, mo gbẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó ké. Mo gbẹ́ ẹ, fọ́ìlì. Ó tún ké, àgólò mínírà tó ti ya wẹ́wẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn wáyà, lẹ́yìn ìyẹn ègé bátìrì, ihò 23 ni mo gbẹ́ ní wákàtí kan, mo kà á, owó ẹyọ kankan ò sí níbẹ̀, ọ̀rá àti ike ló ń bá ṣọ́bìrì jáde.

Kọ́mpóòsì ni green waste, ewé àti koríko inú bíìnì àwọn aráàlú ni wọ́n fi ń ṣe é, àwọn kan á wá ju àgólò sí bíìnì yẹn, ẹ̀rọ á lọ gbogbo ẹ̀ pọ̀. Ìlànà kọ́mpóòsì wà o, PAS 100 lorúkọ ẹ̀, ó sọ ìwọ̀n ike àti irin tí kò gbọ́dọ̀ kọjá, àmọ́ ìwọ̀n kékeré yẹn náà, tí wọ́n bá ń da tọ́ọ̀nù tọ́ọ̀nù ẹ̀ sórí oko ńkọ́? Katakata á tú u mọ́lẹ̀, ta ló fẹ́ ṣà á? Ẹ ò sì lè ní kí ẹ̀rọ má dá alumíníọ̀mù lóhùn, torí nọ́ńbà tó ń gbé wá sójú ẹ̀ fún un náà ló máa ń gbé wá fún òrùka wúrà kékeré. Oúnjẹ ni wọ́n ń gbìn síbẹ̀ o!

Mo padà lọ bá ọmọbìnrin tó ń kọ orúkọ ní géètì. Ó ní ilẹ̀ yẹn kàn ń pariwo díẹ̀ ni. Mo ṣí àpò ìdọ̀tí mi hàn án, ó wò ó, ó ní kí n kọ email sí ọ́fíìsì. Mo ní ọ̀gá ẹ dà? Ó ń jẹun nínú kárávàànù. Ogún ìṣẹ́jú ni mo fi dúró lẹ́nu ọ̀nà kárávàànù yẹn, ọ̀gá jáde, ó ní àwọn ò ṣèlérí ilẹ̀ tó mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo ní ṣé o mọ̀ kó o tó gbowó wa? Ó dákẹ́. Ó mọ̀!

Ibi tá a ti ń fà á ni baba olóko bá wa. Baba yẹn ò bínú rárá, ó ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lòun gba kọ́mpóòsì yẹn nígbà tí ajílẹ̀ wọ́n, pé títí di òní òun àtàwọn ọmọ-ọmọ òun ṣì ń fọwọ́ ṣa ike. Ó ní kí n máa bọ̀, ó ṣí pápá kan tí màlúù ẹ̀ ti ń jẹko fún mi, wọn ò da nǹkan kan síbẹ̀ rí. Ilẹ̀ yẹn dákẹ́ rọ́rọ́. Nígbà tó di aago mẹ́ta, ẹ̀rọ ké lẹ́ẹ̀kan, ohùn tó mọ́ gaara, pẹ́nì fàdákà ayé Ọba Edward Kìíní ni, àgbélébùú gígùn lẹ́yìn ẹ̀, CIVITAS LONDON (ìlú London lédè Látìn) yí i ká, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1279. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Baba ṣí fìlà. Òfin Treasure ti 1996, tó sọ irú ohun àtijọ́ téèyàn gbọ́dọ̀ fi tó aláṣẹ létí, kì í sábà mú ẹyọ owó kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n mo ti ṣètò láti gbé e lọ sọ́dọ̀ Finds Liaison Officer, òṣìṣẹ́ tó ń ṣàkọsílẹ̀ ohun àtijọ́ táwọn èèyàn bá rí, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọ̀gá yẹn sáré wá pé kí n gbé e sókè kóun yà á sí fọ́tò fún ìpolówó. Mo ní àfi tó bá máa kọ green waste sínú ìpolówó náà. Ó yí padà lọ. Ọmọ géètì yẹn ló gbé tíì wá fún mi nínú òtútù, ó bi mí bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ mi, ó ń pè é títí ó fi pè é dáadáa, inú mi dùn sí i gan-an.

Mo fún àwọn tó ṣètò ẹ̀ ní ìràwọ̀ 4 nínú 5. Mo ti kọ email yẹn, wọn ò tíì fèsì.