Aṣọ ìdáàbòbò ẹsẹ̀ fún ẹ̀rọ ìgégi: mẹ́ta tí mo ti wọ̀, àti èyí tó kù lára mi

Ọ̀kan nínú aṣọ mẹ́ta tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn yìí kò ṣeé wọ̀ mọ́. Ó ya ní itan òsì, lókè orúnkún díẹ̀, òwú inú rẹ̀ sì tú síta bíi ti ìrọ̀rí tó fàya. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìgégi mi ni mo gbé e kọ́ sí, torí mo fẹ́ kí ojú mi máa kàn án kí n tó fa okùn ẹ̀rọ.

Igi kan tó ti wó sílẹ̀ ni mò ń rẹ́ ẹ̀ka rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀ka kan já kíákíá ju bí mo ṣe rò lọ. Mo ti yọ ìka kúrò níbi tí a ń tẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì sáré, ṣùgbọ́n ṣéènì, ìyẹn ẹ̀wọ̀n eléyín tó ń gé igi, kì í dúró lójú ẹsẹ̀. Ó ṣì ń yí nígbà tí ẹ̀rọ náà já wálẹ̀ sórí itan mi. Mo gbọ́ "gbì", ẹ́ńjìnnì sì kú. Nígbà tí mo wolẹ̀, òwú funfun gígùn ló ti lọ́ mọ́ ayùn bí irun ṣe ń lọ́ mọ́ ìyàrí. Mo jókòó sórí igi náà, mo ti ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ, mo fi kan itan mi. Ó gbẹ. Kò sí ẹ̀jẹ̀ kankan. Ibẹ̀ wú, ó dúdú fún ọjọ́ mélòó kan, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òwú yíyọ ló gbà mí lákòókò jù: mo tú ìdérí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, mo ń fi ọ̀bẹ àti ẹ̀mú fa fọ́nrán kọ̀ọ̀kan jáde lára jíà kékeré tó ń yí ṣéènì, ọwọ́ mi sì ń gbọ̀n ní gbogbo àkókò yẹn.

Àrà tí aṣọ yìí ń dá kì í ṣe pé ó le tó bẹ́ẹ̀ tí ṣéènì ò fi lè gé e. Ó ń gé e. Awọ òde rẹ̀ máa ń ya wẹ́rẹ́. Abẹ́ rẹ̀ ni iṣẹ́ wà: wọ́n tẹ́ òwú gígùn lé ara wọn lọ́pọ̀, tí a fi polyester, nylon tàbí Kevlar ṣe, wọn kò sì hun ún pọ̀ pinpin. Bí eyín ṣéènì bá ti kọ́ ọ, á fà á yọ, á wọ́ ọ lọ sẹ́yìn títí dé ìdí jíà, òwú náà á sì há síbẹ̀ títí ṣéènì á fi dúró. Ìgbà tí mo rí i pẹ̀lú ojú mi ni ọ̀rọ̀ ìtọ́jú rẹ̀ tó yé mi. Ẹni tó bá gba abẹ́rẹ́ la inú aṣọ náà já kó lè rán ibi tó ya ti so òwú yẹn mọ́lẹ̀, kò lè fà yọ mọ́. Ẹni tó bá jẹ́ kí ọ́ìlì ṣéènì àti oje igi gbẹ mọ́ ọn títí tó fi le gbagidi ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Èyí tí ṣéènì bá sì ti dé inú òwú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Ẹ má gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni pé ó ṣì dáa ní apá kejì.

Èyí tó ya yẹn ni wọ́n ń pè ní chaps, èyí tí a ń so mọ́ ìbàdí, tí a sì ń fi bọ́kù dè mọ́ ẹ̀yìn ẹsẹ̀ lórí ṣòkòtò tí a bá wọ̀. Ó gba ẹ̀mí mi là, n kò ní sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa kọjá ohun tó yẹ. Ó yá wọ̀, ó yá bọ́, ẹni tó sanra àti ẹni tó tínrín lè jọ lò ó. Ẹni tó ń gé igi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tí kò sì pẹ́ nídìí ẹ̀rọ, á tó o. Àmọ́ bí bọ́kù bá dẹ̀ díẹ̀, aṣọ náà á yí, ojúgun á wà níta. Bí a bá sì ń rìn nínú igbó, etí rẹ̀ a máa kọ́ ẹ̀ka. Tèmi tún kúrú. Ẹni tó tà á fún mi sọ pé gígùn rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan, mo sì gbà á gbọ́. Nígbà tí mo bá tẹ orúnkún, ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan ni ojúgun mi tó ń hàn láàárín aṣọ àti búùtù. Inú ṣì ń bí mi sí ọ̀rọ̀ yẹn, torí ká ní ìsàlẹ̀ ni ṣéènì bá mi lọ́jọ́ náà ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀.

Kí n tó ra èkejì, mo fara balẹ̀ ka lébẹ́ẹ̀lì. Ìlànà tí wọ́n ń lò ní Yúróòpù ni EN ISO 11393-2, ẹ ṣì lè rí EN 381-5, ìyẹn nọ́ńbà àtijọ́, lára àwọn tó ti pẹ́. Kíláàsì ń sọ bí ṣéènì ṣe ń sáré tó nígbà tí wọ́n dán aṣọ náà wò: Kíláàsì 0 jẹ́ mítà 16 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, Kíláàsì 1 jẹ́ 20, Kíláàsì 2 jẹ́ 24, Kíláàsì 3 sì jẹ́ 28. Ti Amẹ́ríkà ni ASTM F1897, ó sì dúró lórí ẹsẹ̀ bàtà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, èyí tó tó mítà 15 láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ wo ìwé ẹ̀rọ yín kí ẹ mọ bí ṣéènì rẹ̀ ṣe ń sáré tó. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ló ń kọjá 20 tí a bá tẹ̀ ẹ́ dé òpin, nítorí náà nọ́ńbà yẹn kò túmọ̀ sí pé kò séwu. Bí ẹ̀rọ yín bá sì jẹ́ oníná, ẹ túbọ̀ ka lébẹ́ẹ̀lì dáadáa. Mọ́tò iná lágbára láti ìbẹ̀rẹ̀, kì í tètè há bí ẹ́ńjìnnì epo, àwọn chaps kan wà tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé wọn kò lè dá a dúró.

Lẹ́yìn kíláàsì ni irú. Irú A ń bo iwájú ẹsẹ̀ nìkan. Irú B fi díẹ̀ kún un ní ẹ̀gbẹ́. Irú C bo ẹsẹ̀ yípo, òun ni àwọn tó ń gun igi pẹ̀lú ẹ̀rọ lọ́wọ́ ń wọ̀, torí lórí igi, ayùn lè ti ibikíbi wá.

Irú C, Kíláàsì 2, ni mo kọ́kọ́ sáré rà lẹ́yìn ìjàǹbá yẹn. Ẹ̀rù ló rà á. Mo rò pé bó bá ṣe nípọn tó ló ṣe dáa tó. Ó dáa lóòótọ́, rírán rẹ̀ kò láfiwé, ṣùgbọ́n ooru rẹ̀ pọ̀. Kí oòrùn tó dé àárín ọ̀run, ṣòkòtò náà á ti rin gbingbin fún òógùn, á wúwo, itan mi á máa rẹ̀ mí. Ọjọ́ kan ni mo bá ara mi tí mo ti bọ́ ọ sórí kùkùté igi, tí mo sì na ọwọ́ láti gbé ẹ̀rọ pẹ̀lú ṣòkòtò lásán. Mo dá iṣẹ́ dúró, mo lọ sílé. Ọmọ iṣẹ́ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ló ń wọ̀ ọ́ báyìí. Ó bá a mu, àkókò tó ń lò nídìí ẹ̀rọ kò tíì pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì mọ ibi tó yẹ kó gbé ẹsẹ̀ sí dáadáa.

Ẹ̀kẹta ni ṣòkòtò irú A, Kíláàsì 1, tó ní síìpù ní ẹ̀yìn itan tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Èyí ni mo fọwọ́ sí. Mo ń wọ̀ ọ́ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì, ìdí tí mo fi yàn án nìyẹn. Kíláàsì rẹ̀ kéré sí ti èkejì, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ara mi ló máa ń wà. Àléébù rẹ̀ kò ju méjì lọ. Àpò rẹ̀ kéré. Ìgbànú nìkan kò lè gbé e dúró torí òwú iwájú ń fà á wálẹ̀, èyí ló mú kí n ra okùn èjìká sí i, láti ìgbà náà kò sì yọ̀ mọ́.

Tí ẹ bá fẹ́ dán èyíkéyìí wò, búùtù tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́ ni kí ẹ wọ̀ lọ. Ẹ lóṣòó pátápátá. Ẹ gbé orúnkún òsì sókè bí ẹni fẹ́ ré kọjá ìtì igi. Kí etí ṣòkòtò má ṣe kúrò lórí búùtù nínú gbogbo rẹ̀, kí òwú inú rẹ̀ sì dé ìsàlẹ̀, torí mo ti rí èyí tí awọ òde rẹ̀ gùn tí òwú rẹ̀ parí sí àárín ojúgun. Ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ ó mọ ibi tó tán sí.

Ní ti fífọ̀, ohun tí lébẹ́ẹ̀lì bá sọ ni kí ẹ tẹ̀ lé. Èmi kì í fi bílíìṣì sí i, n kì í lọ̀ ọ́, ibòji ni mo sì ń sá a sí. Kì í tètè gbẹ. Ọjọ́ tí mo bá fọ̀ ọ́, n kì í gé igi lọ́jọ́ kejì, mo ti sọ ọ́ fún àwọn tó ń pè mí síṣẹ́. Mo ń tọ́jú owó láti ra irú rẹ̀ kan sí i, kí ọ̀kan lè wà lára okùn kí ọ̀kan sì wà lára mi.