Ààfin Colonna ní Róòmù: bàbá tó ń jẹ̀wà, àti tíkẹ́ẹ̀tì tí kò pé

Tíkẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ ò dọ́gba. Ọ̀kan gbé yín dé gbọ̀ngàn àwòrán àti ọgbà; òmíràn fi ilé Ọmọọbabìnrin Isabelle kún un, ìyẹn àwọn yàrá tí ìyàwó ilé Colonna kan gbé nínú ààfin náà. Alágbàtà kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì kọ "gbogbo ààfin" gàdàgbà sórí tiẹ̀, owó gbogbo ààfin náà ló sì gbà. Ẹnu ọ̀nà ilé Isabelle ni àṣírí ti tú. Obìnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ò jágbe mọ́ ẹnikẹ́ni o. Ó fi ìka tọ́ ọ̀rọ̀ wínníwínní kan nísàlẹ̀ ìwé náà, ó mirí, ó dá ìwé padà. A pe alágbàtà. Fóònù dún títí, kò gbé e. Bí àwòrán ìlú tí ayàwòrán Vanvitelli yà, tó wà nínú ilé Isabelle, ṣe fò wá dá nìyẹn.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ wá orúkọ Isabelle lórí ìwé. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ tètè sá. Àárọ̀ Sátidé ni kẹ́ ẹ fojú sí, torí ẹbí Colonna tó ni ààfin náà ṣì ń gbé inú ẹ̀, wọn kì í ṣí i sílẹ̀ ṣáá.

Obìnrin yẹn rí i pé ojú wa ti le. Ó nawọ́ sí yàrá tá a ti kọjá, ó ní: "Ṣé ẹ wo ṣíbí yẹn?"

A padà lọ wò ó. Inú àwòrán bàbá tó ń jẹ̀wà ni ṣíbí náà wà. Annibale Carracci, ayàwòrán ará Ítálì, ló yà á, ní nǹkan bí 1585. Àwòrán náà ò tóbi: sẹ̀ǹtímítà 57 ní gíga, 68 ní fífẹ̀. Bàbá kan dé àkẹtẹ̀, ó lanu, ṣíbí dúró láàárín abọ́ àti ẹnu, omi ẹ̀wà ń kán padà sínú abọ́. Ọwọ́ kejì di búrẹ́dì mú. Àlùbọ́sà eléwé wà lórí tábìlì, ife wáìnì náà wà níbẹ̀. Ó ń wò yín bí ẹni tí àlejò ká mọ́ ìdí oúnjẹ. Ẹ sún mọ́ abọ́ náà dáadáa: ẹ̀wà olójú dúdú ni, irú tiwa gan-an. Áfíríkà ló ti ṣẹ̀, ó sì ti wà ní Yúróòpù kí ẹ̀wà Amẹ́ríkà tó débẹ̀. Ẹ̀wà àti búrẹ́dì, lábẹ́ àjà tí wọ́n ya ògo Póòpù Martin V, ọmọ ẹbí Colonna, sí!

Nínú Gbọ̀ngàn Ńlá, ogun Lepanto ti 1571, èyí tí àwọn Kristẹni bá àwọn Tọ́ọ̀kì jà lójú òkun, wà lórí àjà, ṣùgbọ́n ẹ wolẹ̀ náà. Ọta àgbá kan wà lórí àtẹ̀gùn máàbù. Àwọn ọmọ ogun Faransé tó gbógun ti Róòmù ló yìn ín láti orí òkè Janiculum ní 1849. Ẹbí ò gbé e kúrò. Nínú yàrá ìtẹ́, àga Póòpù kọjú sí ògiri kí ẹlòmíì má baà jókòó lé e. Ẹni tó bá mọ àṣà ààfin mọ̀ pé wọn ò ṣeré.

Ọrùn á dùn yín o: wọ́n to àwòrán léra wọn títí kan òkè, àwọn tòkè ò sì hàn dáadáa.

Ìràwọ̀ 3 nínú 5. Mo mọ ohun tí mo kọ sókè. Ilé Isabelle tí mi ò rí ló gbé ìràwọ̀ méjì lọ.