Ọmọbìnrin oníyetí pẹ́rílì: ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sanwó rẹ̀

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n tẹ àwòrán yìí sórí kánfáàsì fún mi kí n tó rí èyí tó ṣe é gbé kọ́ sí pálọ̀. Ọmọbìnrin tó wé gèlè búlúù, tó wọ yetí pẹ́rílì ni, èyí tí Johannes Vermeer yà ní nǹkan bí ọdún 1665. Ojúlówó rẹ̀ wà ní Mauritshuis, ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà kan ní ìlú Hague, ní Nẹ́dálándì.

Ti àkọ́kọ́, mo ní kó tóbi bíi fèrèsé. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ wá bá mi "mú kó mọ́lẹ̀ díẹ̀ sí i" láìbi mí. Ó bà á jẹ́ pátápátá! Dúdú ẹ̀yìn ọmọ náà di eérú, ojú rẹ̀ wá dà bíi ti ẹni tó lọ ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù. Òkùnkùn yẹn ló sì ń ti ojú rẹ̀ jáde sí wa. (Àwọ̀ ewé ni ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́lẹ̀ o, aṣọ ìkélé ni Vermeer kùn síbẹ̀, ọjọ́ ló rẹ ẹ́ láró.)

Ẹ̀ẹ̀kejì, èmi fúnra mi lọ wa fáìlì rẹ̀ lórí ìkànnì Mauritshuis, ọ̀fẹ́ ni. Mo ní kí wọ́n má fọwọ́ kan àwọ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ bó ṣe rí gan-an: 44.5 sẹ̀ǹtímítà ní gíga, 39 ní fífẹ̀. Ó kéré, o ní láti sún mọ́ ọn. Ìgbà tó o bá sún mọ́ ọn lo máa rí i pé yetí yẹn ò ní ìkọ́ rárá. Ọ̀dà funfun díẹ̀ lókè, funfun ọrùn aṣọ rẹ̀ tó tàn sí i nísàlẹ̀, ó parí. Ojú wa ló ń bá wa parí ìyókù. Wọ́n ní pẹ́rílì dúró fún ìwà mímọ́. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹnu rẹ̀ lèmi ń wò ní tèmi: ó là díẹ̀, ó tutù, ìmọ́lẹ̀ kékeré kan kán sí igun rẹ̀.

Àǹtí mi wò ó títí, wọ́n ní, "Ta ló pè é?" Kí n tó fèsì, wọ́n ní, "Kó má dáhùn o, tí ò bá rí ẹni náà." Ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ gbogbo wa ní kékeré! Látọjọ́ náà, mi ò rí arẹwà tó jókòó fún ayàwòrán mọ́. Ọmọ tí wọ́n pè lórúkọ lẹ́yìn ni mò ń rí, orúkọ tẹ́nikẹ́ni ò sì mọ̀ di òní.

Férémù tí wọ́n fi sí i nìkan ni mi ò fẹ́. Góòlù rẹ̀ ń bá pẹ́rílì du ojú. Mo ti ní kí káfíńtà bá mi ṣe onígi dúdú.