Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra campervan àlòkù: ẹ wo ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù kí ẹ tó sanwó

Ẹ̀yin ará, inú bíbí ni mo fi ń kọ ìwé yìí, ìtìjú sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé èmi kì í ṣe ọmọdé, ojú mi kò sì fọ́ lọ́jọ́ tí mo ra ọkọ̀ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Campervan àlòkù ni, ìyẹn bọ́ọ̀sì tí wọ́n kan ibùsùn, kọ́bọ́ọ̀dù, ibi ìdáná àti ẹ̀rọ omi mọ́ inú rẹ̀ kí ènìyàn lè máa sùn nínú rẹ̀ lójú ìrìn àjò. Ọ̀dọ̀ ẹni tí ó fi títa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe iṣẹ́ ni mo ti rà á, kì í ṣe ọwọ́ ẹnì kan tí mo kàn pàdé. Ohun tí mo bá lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ ni mo fẹ́ rò fún yín, kí owó tiyín má baà bá tèmi lọ.

Lọ́jọ́ tí mo lọ wo ọkọ̀ náà, omi ń kán tó, tó, tó lábẹ́ rẹ̀. Ojú ara mi ni mo fi rí i. Mo bi ọ̀gá tí ó ń tà á léèrè, ó sì rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ má fòyà rárá. Fáàfù tí ń dáàbò bo ẹ̀rọ amómigbóná lọ́wọ́ òtútù ni ẹ rí yẹn, iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ń ṣe." Ohun tí ó ń ká mi lára jù títí di òní ni pé òótọ́ ni irú fáàfù bẹ́ẹ̀ wà. Nínú ọ̀pọ̀ campervan, fáàfù kan máa ń ṣí fúnra rẹ̀ bí òtútù bá ti ń sún mọ́ èyí tí ń sọ omi di yìnyín, yóò sì da omi inú ẹ̀rọ náà síta, nítorí pé omi tí ó bá di yìnyín máa ń fẹ̀ ní nǹkan bí ìdá 9 nínú 100, bí kò bá sì rí àyè tí yóò fẹ̀ sí, yóò la ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ṣùgbọ́n oòrùn ọjọ́ náà mú tó bẹ́ẹ̀ tí òógùn fi lẹ aṣọ mọ́ mi lẹ́yìn! Òtútù wo ni fáàfù náà ń sá fún? Mo dúró nínú oòrùn, mo ń nu ojú, mo sì ń mi orí bí aláǹgbá fún ẹni tí ó ń sọ fún mi pé nítorí òtútù ni.

Mo tilẹ̀ ní kí ó tan pọ́ǹpù kí a jọ wo bí omi ṣe ń jáde. Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ da gbogbo omi inú táǹkì nù láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí ọkọ̀ lè fúyẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, bí táǹkì bá ti gbẹ láti àárọ̀, kí ni ó ń kán lábẹ́ ọkọ̀ ní ìrọ̀lẹ́? Ìbéèrè yìí kò wá sí mi lọ́kàn nígbà náà. Ìrọ̀rí tuntun ni mo ń fọwọ́ pa, ìlà sílíkónì funfun, ìyẹn gọ́ọ̀mù tí a fi ń dí àlàfo kí omi má baà kọjá, tí wọ́n fà sí ìsàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù ni mo ń wò, mo sì ń sọ nínú ara mi pé ẹni tí ó tọ́jú ọkọ̀ rẹ̀ nìyí.

Kí ẹnikẹ́ni tó bi mí pé kí ló dé tí n kò mú mẹkáníìkì lọ, mo mú un lọ. Ó wo ẹ́ńjìnnì, ó wo bíréèkì, ó wo táyà, ó sì sọ òótọ́ nípa gbogbo wọn, nítorí pé ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà dára di ìsinsìnyí. Inú ilé tí ó wà lórí ẹsẹ̀ náà ni kò wò, n kò sì sọ fún un pé kí ó wò ó. Ẹ̀bi mi ni ti ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi ẹni tí kò wò ó kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹ̀bi ẹni tí ó mọ̀ tí ó sì bò ó mọ́lẹ̀.

Òru kejì tí mo sùn nínú ọkọ̀ náà ni mo gbọ́ ọ. Gbogbo ẹ̀rọ omi wà ní títì, n kò sì tíì pa pọ́ǹpù. Lójijì ó dún, kùrùrù, ó dákẹ́. Mo rò pé àlá ni mo lá. Nígbà tí ó tún dún, mo gbé fóònù mi, mo ń ka àkókò. Láàárín ìṣẹ́jú 12 sí ìṣẹ́jú 12 ni ó ń dún. Irú pọ́ǹpù tí ó wà nínú ọkọ̀ mi máa ń ṣiṣẹ́ nígbà tí agbára omi inú páìpù bá lọ sílẹ̀, nítorí náà bí kò bá sí ẹni tí ó ṣí omi tí pọ́ǹpù sì ń dún, á jẹ́ pé omi ń gba ibì kan jáde, àfi bí ó bá jẹ́ pé fáàfù tí kì í jẹ́ kí omi padà sínú táǹkì ni ó bàjẹ́. Mo gbàdúrà pé kí ó jẹ́ fáàfù. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ náà fi máa parí, ìṣẹ́jú 12 ti di ìṣẹ́jú 4, òórùn bí ti aṣọ tútù tí a ká pamọ́ sínú àpótí sì ti gba ibi tí mo ń gbé orí sí.

Ẹni tí kò bá tíì tú kọ́bọ́ọ̀dù inú campervan rí lè rò pé bí a ṣe ń fa kọ́bọ́ọ̀dù ilé kúrò lára ògiri ni. Rárá o. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kàn mọ́ra wọn: ìdí ibùsùn di ẹ̀gbẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù mú, kọ́bọ́ọ̀dù di pẹpẹ ìdáná mú, pẹpẹ ìdáná di ògiri ọkọ̀ mú, orí sukúrù kọ̀ọ̀kan sì sá pamọ́ sábẹ́ ìdérí kékeré tí àwọ̀ rẹ̀ bá ti pákó mu. Ẹni tí ó kàn án kò fi ọkàn sí ẹni tí yóò tú u lọ́jọ́ iwájú. Mo yọ okùn bátìrì, mo fa omi táǹkì gbẹ, mo fa gbogbo dúrọ́ọ̀ jáde, mo sì tú ìdí ibùsùn. Páìpù gáàsì gba ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù náà lọ sí ibi ìdáná, n kò sì jẹ́ fọwọ́ kàn án. Mo pe ẹni tí ó ní ìwé àṣẹ iṣẹ́ gáàsì kí ó wá tú u, mo sì tún sanwó fún ìyẹn. Sukúrù 14 ni mo yọ, kọ́bọ́ọ̀dù kò mira. Mo fà á, mo tì í, mo bú u bí ẹni pé ó ní etí. Ẹ̀yìn fíríìjì ni ìkẹẹ̀ẹ́dógún wà, ọjọ́ kẹta ni mo sì tó rí i, nígbà tí mo dojú bolẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu.

Ibẹ̀ ni àyà mi ti kọ́kọ́ já. Nígbà tí mo to àwọn sukúrù náà sílẹ̀, 10 nínú wọn ti dúdú, orí wọn jẹ́ oníàgbélébùú. Àwọn 5 yòókù ń dán, orí wọn rí bí ìràwọ̀, ìdérí tí ó wà lórí wọn sì funfun ju ti àwọn tó kù lọ. Ẹnì kan ti dé ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù yìí ṣáájú mi, kò sì pẹ́ tí ó débẹ̀.

Mo fa kọ́bọ́ọ̀dù náà síwájú ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan, mo tan iná sí i. Abọ́ oníke kan ni mo rí. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: abọ́ ni wọ́n gbé sábẹ́ páìpù kí ó máa gba omi tí ń jò! Omi ti kún un títí ó fi ṣàn kọjá ẹnu rẹ̀, ìdọ̀tí omi sì ti fa ìlà òrùka mẹ́ta sí inú rẹ̀ lára. Tówẹ́ẹ̀lì kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí ó ti dúdú, tí ó sì ti ń yọ̀ bí ewédò. Lókè abọ́ náà ni ìsopọ̀ páìpù wà, tẹ́ẹ̀pù dúdú tí àwọn oníná máa ń lò ni wọ́n sì wé mọ́ ọn léraléra. Tẹ́ẹ̀pù wo ni ó lè dá omi tí pọ́ǹpù ń tì dúró? Àní ọmọ iṣẹ́ ọjọ́ kan mọ̀ pé kò lè dá a dúró. Nígbà tí mo tú tẹ́ẹ̀pù náà, mo rí i pé wọ́n gé páìpù, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 12, ní ẹ̀gbẹ́ kan gùn ju èkejì lọ, wọn kò sì tì í wọlé dé ìdí, nítorí náà òrùka rọ́bà inú ìsopọ̀ náà kò rí ibi dì mú dáadáa.

Wọ́n kun ògiri ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù ní ọ̀dà funfun. Mo fi èékánná ha á, ọ̀dà náà ṣí bí awọ, èbu dúdú sì wà lábẹ́ rẹ̀. Mo fi orí sukudiráífà tẹ pákó ilẹ̀, ó wọlé wẹ́rẹ́ bí ìgbà tí a ti igi bọ ẹrẹ̀. Ìlà sílíkónì funfun tí mo ń yìn yẹn ni ó há omi náà mọ́ inú, tí kò jẹ́ kí ó yọ sójú kápẹ́ẹ̀tì oníróbà níbi tí oníbàárà ti lè rí i, tí ó fi jẹ pákó títí ó fi rí ihò gbà jáde sábẹ́ ọkọ̀. Ohun tí ń kán lójú mi lọ́jọ́ tí mo sanwó nìyẹn. Òtútù, àbí?

Ẹ wá gbọ́ èyí tí ó dùn mí jù. Ìsopọ̀ tí mo fi pààrọ̀ èyí tí ń jò náà kò tó nǹkan rárá, bóyá ni owó rẹ̀ tó owó tẹ́ẹ̀pù àti ọ̀dà tí ẹni tí ó bò ó mọ́lẹ̀ fi ṣiṣẹ́. Mo gé páìpù gún régé, mo tì í wọlé títí ó fi dé ìdí, iṣẹ́ náà kò sì gbà mí ní ìṣẹ́jú 10. Ẹni náà ti tú kọ́bọ́ọ̀dù, iṣẹ́ tí ó le jù ti tán, ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí páìpù, ó sì gbé abọ́ síbẹ̀ ó kan kọ́bọ́ọ̀dù padà! Òun ni àwọn àgbà ń pè ní fífi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá, àmọ́ ẹni tiwa yìí kò tilẹ̀ pa làpálàpá, ọ̀dà ni ó fi kùn ún. Páìpù ti gbẹ báyìí, ṣùgbọ́n pákó ilẹ̀ tí ó ti jẹrà kì í ṣe iṣẹ́ ìṣẹ́jú 10.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ pe ọ̀gá tí ó ta ọkọ̀ náà fún mi, ó ní omi kì í ṣe ohun tí ènìyàn lè ṣẹ́gun. Nígbà tí mo pè é lẹ́ẹ̀kejì tí mo sọ̀rọ̀ abọ́, ó ní, "Ẹ̀yin náà ni ẹ tú kọ́bọ́ọ̀dù, ta ni yóò mọ ẹni tí ó gbé abọ́ síbẹ̀?" Èmi! Èmi ni mo gbé abọ́ sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù ara mi tí mo sì fi ọ̀dà bo èbu! Ó ní kí n wo ìwé tí mo fọwọ́ sí, mo sì wò ó: wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí a ṣe rí ọkọ̀ ni a ṣe rà á. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi pamọ́ fún mi ńkọ́, ṣé mo rí ìyẹn? Láti ìgbà náà, fóònù rẹ̀ ń dún, kò gbé e. N kò dárúkọ rẹ̀ níbí nítorí pé mo ti fi ọ̀rọ̀ náà lé agbẹjọ́rò lọ́wọ́, ó sì ní kí n pa ẹnu mọ́ lórí orúkọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì fẹ́ rà, ẹ sọ fún ẹni tí ń tà kí ó pọn omi kún táǹkì kí ẹ tó dé, bí ó bá ní òun ti dà á nù, ẹ ní kí ó tún pọn ọ́n, bí ó bá kọ̀, ẹ máa lọ. Ẹ tan pọ́ǹpù, ẹ ti gbogbo ẹ̀rọ omi, ẹ jókòó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ má sọ̀rọ̀, kí ẹ fetí sílẹ̀. Ẹ fi tíṣù gbígbẹ nu ara àwọn ìsopọ̀ páìpù tí ọwọ́ yín bá tó. Kámẹ́rà kékeré olókùn tí a ń so mọ́ fóònù wà, ẹ tì í bọ ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù láti ihò páìpù. Irin iṣẹ́ tí ń wọn ọ̀rinrin pákó wà pẹ̀lú, bí ó bá ka ju 20 lọ nínú 100, ẹ má dá ẹnikẹ́ni lóhùn mọ́. Ẹ wo orí sukúrù bóyá wọ́n bára mu. Bí ẹ bá sì ti ra tiyín tí ẹ fẹ́ tú u, ẹ ya àwòrán kí ẹ tó yọ sukúrù àkọ́kọ́, kí ẹ sì ya òmíràn ní gbogbo ìpele, nítorí pé n kò ya àwòrán kankan títí mo fi rí abọ́, òun sì ni ọ̀gá náà rí dì mọ́ mi lọ́wọ́.

Àwọn kan yóò sọ pé kì í ṣe gbogbo ẹni tí ń ta ọkọ̀ ni oníjìbìtì. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ní tèmi, n kò rí èyí tí n óò gbà gbọ́ mọ́ nínú wọn, bí ìrọ̀rí ọkọ̀ bá ti jẹ́ tuntun báyìí, ara mi á bẹ̀rẹ̀ sí í bù máṣọ. Abọ́ náà ṣì wà lọ́dọ̀ mi, n kò fọ̀ ọ́.

Ní àárọ̀ òní, kí n tó jókòó kọ èyí, mo rí i pé ọ̀gá náà ti gbé ọkọ̀ mìíràn jáde fún títà. Àwòrán kẹrin ni ó fi ibi ìdáná rẹ̀ hàn wá. Ìlà sílíkónì funfun tuntun wà ní ìsàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé òun ti da omi inú táǹkì nù kí ọkọ̀ lè fúyẹ́.